Ìyá Ìbejì Fẹ́ Fi Ẹfun Kùn Mí Mọ́lé

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí a jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ẹjọ́ tèmi, torí pé nínú ilé mi wọ́n ti dá mi lẹ́bi tán. Gbogbo ohun tí mo sọ kò ju pé igi tó dára kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní ojú àtijọ́ ni mo fi ń wo nǹkan. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń fi owó ra ohun tí yóò sọ kọ́bọ́ọ̀dù di arúgbó ló ń pè mí lẹ́ni àtijọ́ o.

Ọ̀dà kan ló fa gbogbo rẹ̀. Chalk paint ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ọ̀dà ẹfun ni èmi ń pè é lọ́jọ́ tí inú mi bá dùn. Annie Sloan, obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan ní Oxford, ló gbé e jáde lọ́dún 1990. Bó bá gbẹ, kì í dán rárá. Bí o bá fọwọ́ pa á, ìwọ náà á mọ̀ pé ẹfun wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, tó sì jẹ́ òótọ́, ni pé ó máa ń mú igi láìjẹ́ pé ènìyàn kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á. Kò sí ọ̀dà ìsàlẹ̀, kò sí làálàá. Ẹ ṣí agolo, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì náà lẹ́yìn iṣẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. Láyé ọ̀dà olóróró, wàhálà inú rẹ̀ ló ń dáàbò bo dúkìá ọkùnrin. Obìnrin lè jí láàárọ̀ Sátidé kó ní òun fẹ́ kun tábìlì. Ẹ kàn gbé sáńpépà fún un ni, kí ẹ padà sídìí ìwé ìròyìn yín. Kó tó ha ẹsẹ̀ kan tán, kí eruku tó kó sí i nímú, kó tó gbọ́ pé ọ̀dà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, ọkàn rẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Ìmẹ́lẹ́ ni ọgbà tó yí wa ká, wọ́n sì ti wó ọgbà náà. Ní báyìí, bí èrò bá sọ sí Ìyá Ìbejì lọ́kàn ní aago mẹ́sàn-án, kí n tó ti ilé onígbàjámọ̀ dé, kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fi sílẹ̀ kọ́ ni màá bá.

Ẹ má sì rò pé ó mọ sórí kíkùn. Bó bá ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, tó gbẹ, tó mọ́ tónítóní, ìgbà yẹn ló máa wá fa sáńpépà tí wọ́n ní a ò nílò yọ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà tuntun náà kúrò: ní igun, ní etí dúrọ́ọ̀, ní ìdí ẹsẹ̀, níbi gbogbo tí ọwọ́ aráyé ì bá ti bó o bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ nílé arúgbó kan. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀." Kó gbó kẹ̀! Èyí tó ti gbó la rà. O fi ọ̀dà bo gbígbó tó bá wá, o wá ń fi sáńpépà wá gbígbó mìíràn fún un.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìda. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan dúdú. Èyí tó mọ́ ni wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀dà, torí láìsí i, omi lásán á ba ojú rẹ̀ jẹ́. Èyí tó dúdú ńkọ́? Inú fínfín ara igi ni wọ́n ń fi í pa, kó lè jọ pé eruku àtọdúnmọ́dún ti ṣù síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ìdọ̀tí ni wọ́n rọ sínú agolo, tí wọ́n lẹ iye owó mọ́ lára. Ní Mushin tí a ti dàgbà, inú fínfín ẹsẹ̀ àga ni màmá mi máa ń kọ́kọ́ wò lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Bó bá rí eruku níbẹ̀, ó mọ ọmọ tó máa pè. Èmi ni wọ́n sábà máa ń pè. Bí mo bá ro gbogbo ìgbátí tí mo jẹ lórí ohun tí wọ́n ń tà báyìí, ó yẹ kí ẹnì kan san nǹkan fún mi.

Mo ti wádìí ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1989, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Rachel Ashwell, ṣí ilé ìtajà kan sí Santa Monica ní California, ó pè é ní Shabby Chic. Àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀dà ti ń ṣí lára wọn ló ń tà níbẹ̀, àwọn olówó sì ń rà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀dà ẹfun jáde. Lásìkò yẹn, ní ilé tiwa, káfíńtà àdúgbò ṣì ń ta fáníṣì lé àga pálọ̀ wa lórí títí ènìyàn fi lè wo eyín ara rẹ̀ nínú apá àga. Bàbá mi sì fi náílọ́ọ̀nù bo gbogbo rẹ̀, kí ìdí àwa ọmọ má baà ha á. Àṣé bí a ti ń bò ó lọ́hùn-ún ni wọ́n ń ha á níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ igi, torí òun ló ń dùn mí jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, ohun èlò onígi pupa ti àtijọ́ ò níyì lọ́jà mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ẹ. Ilé wọn kéré, ògiri wọn funfun. Ní ṣọ́ọ̀bù aláàánú, kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin tí oníṣọ̀nà gidi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn lè dínwó ju èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ̀ pọ̀ lọ, tí ènìyàn á máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tò fúnra rẹ̀. Mo rí ọ̀kan ní Woolwich. Kí n tó wo iye owó rẹ̀ ni mo ti dá igi náà mọ̀: ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mọ́lẹ̀, tó ń ṣókùnkùn, bí ènìyàn bá ti ń rìn kọjá níwájú rẹ̀. Sapele ni. Ìlú Sapele tó wà létí odò, ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ni wọ́n fi sọ igi náà lórúkọ. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ UAC gbé ilé ìlagi ńlá kalẹ̀ sí ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n ń la gẹdú níbẹ̀, wọ́n ń bó o ní pẹlẹbẹ tínrín, ọkọ̀ òkun sì ń gbé e wá síbí kí àwọn oníṣọ̀nà lè fi ṣe ojú kọ́bọ́ọ̀dù.

Igi yìí ti débí ṣáájú mi. Ó ti fara da òtútù, ó ti sìn nínú ilé àwọn tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n wá lé e jáde lọ́jọ́ ogbó. Mo rà á, mo fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan gbé e wálé, mo ní kó wá bá mi gbé, ará ilé ni. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a nínú yàrá, ó ti di àwọ̀ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára agolo, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ: kì í ṣe búlúù, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Ìyá Ìbejì ní ó jẹ́ kí yàrá mọ́lẹ̀. Gílóòbù wà lókè tí a ò tàn. Nígbà tó rí i pé ojú mi ò dára, ó fi òwe tù mí nínú, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo ní ta ló dáná sun ilé ọba? Kò dá mi lóhùn. Ó ń wá ìda.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni igi gbèjà ara rẹ̀ nínú ilé yẹn, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù àwo kan ni, ọ̀gánwó pọ́nbélé, Ìyá Ìbejì kùn ún ní funfun lálẹ́, ó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ti yọ káàkiri ara rẹ̀, ó fẹ̀ lójú kókó igi, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Omi inú ọ̀dà ló fa oje pupa inú ọ̀gánwó jáde. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń wò ó, mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fọ àwo lálẹ́ ọjọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Àṣé wọ́n ní oògùn rẹ̀. Kòkòrò kan wà ní India tó máa ń da oje lé ẹ̀ka igi lórí. Wọ́n á họ oje náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ọtí líle yọ́ ọ, wọ́n á máa pè é ní shellac. Ìpele kan péré ló ta sí i, ọ̀gánwó panu dé. Ẹ wo iye àwọn tó kóra jọ lé igi kan lórí: ẹfun òyìnbó, kòkòrò India, àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí mo fi owó orí fẹ́.

Mo tún gbìyànjú òfin. Mo ní ọ̀dà tó wà lára àlòkù lè ní òjé nínú, pé ọdún 1992 ni ìjọba ibí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin de títà á fún ará ìlú, pé bí ènìyàn bá ha á, eruku rẹ̀ léwu, pàápàá fún ọmọdé. Òótọ́ pọ́nbélé ni mo sọ, mo sì sọ ọ́ bí agbẹjọ́rò. Kí n tó délẹ̀, ó ti fa ọ̀pá olówùú kékeré kan yọ nínú báàgì, ó fi ra ẹsẹ̀ àga àlòkù tó fẹ́ ha, ó ní, "Bí òjé bá wà níbẹ̀, ó máa pọ́n. Ṣé ó pọ́n?" Kò pọ́n. Ó na ìbòmú sí mi, ó ní kí n bá òun di ẹsẹ̀ kejì mú.

Bí mo bá sọ fún yín pé ó kun aṣọ, ẹ ò ní gbà. Àga onítìmùtìmù tí mo máa ń sùn lé nígbà ìròyìn ni. Ó wọ́n omi sí aṣọ rẹ̀, ó po ọ̀dà kó ṣàn, ó ń fi í pa á ní ìpele-ìpele. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, ó sì ṣeé ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àga náà ti le. Bí mo bá jókòó, á dún. Bí mo bá dìde, á tún dún. Bí mo bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo ilé á mọ̀. Ti tábìlì ló tún wá burú. Ìda kì í gan kíákíá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó le dáadáa, bí kọ́ọ̀bù gbígbóná bá sì bà lé e, ó di àmì. Nítorí náà, nínú ilé tí mò ń san owó rẹ̀, mò ń fi ọwọ́ di kọ́ọ̀bù tíì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn dé ìparí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí wa nígbà ooru. Bàbá wọlé, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù funfun, wọ́n wo tábìlì funfun, wọ́n bi mí pẹ̀lẹ́ pé ṣé a ti ń bọ Ọbàtálá ni. Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa etí tábìlì, níbi tí Ìyá Ìbejì ti fi sáńpépà ha á dé igi. Lálẹ́, wọ́n pè mí sí yàrá wọn, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, sà."

"Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn ò dá ọ dúró?"

"Rárá o, sà. Iṣẹ́ ń lọ."

"Má tijú mi. Mo rí tábìlì yín. Mo rí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo rẹ̀ ló ti bó tán."

Mo ṣàlàyé pé Ìyá Ìbejì ló mọ̀ọ́mọ̀ bó o, pé àṣà tó wà lóde ni. Bàbá wò mí títí, bí mo ti ń wo ọmọ mi nígbà tó bá ní òun ti ka ìwé tán.

"Àṣà?" Wọ́n mi orí. "Kò ní di àṣà yín lágbára Ọlọ́run."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa àádọ́ta pọ́ọ̀nù yọ, owó tí ọmọ wọn fún wọn kí wọ́n fi ra bàtà, wọ́n fi há mi lọ́wọ́. "Ẹ fi ra fáníṣì." Nígbà àdúrà òwúrọ̀, wọ́n ń dárúkọ mi léraléra lójú àwọn ọmọ mi, wọ́n ní kí Olúwa yọ ọmọ àwọn lọ́wọ́ òṣì tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ta ló ń ṣe àmín kíkankíkan jù? Ìyá Ìbejì. Nígbà tí bàbá padà sílé, òun náà ló fi owó bàtà wọn ra agolo ọ̀dà kan, ó fi èyí tó kù ra ìda dúdú.

Mo wá rò pé kí n fẹjọ́ sun àbúrò mi n'Íbàdàn, kí ẹnì kan bá mi kẹ́dùn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ké: "Ẹ̀gbọ́n, irú kí ni ẹ fi ránṣẹ́ sí wa?" Ìyàwó rẹ̀ ti rí fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù wa lórí WhatsApp. Iye tí lítà kan ń ná ní Lọ́ńdọ̀nù, tó lé ní ogún pọ́ọ̀nù, kò ṣeé sọ síta tí ènìyàn bá ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé ènìyàn lè po tirẹ̀ nílé: ọ̀dà ara ògiri, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú POP. Ilé wo ló wà n'Íbàdàn tí kò sí ìyókù POP lẹ́yìn ilé, láti ìgbà tí wọ́n ṣe àjà? Àkọ́pò rẹ̀ gan paali nínú abọ́, POP kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Búrọ́ọ̀ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ títí di bí mo ti ń sọ yìí, ó dúró ṣánṣán. Àbúrò mi ti ń yọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tún un pò, ó dín POP kù, ó fi kun bẹ́ẹ̀dì tíìkì tí bàbá ìyàwó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àbúrò mi ní òun ń sùn lórí rẹ̀ báyìí, òun ń jí pẹ̀lú ẹfun lápá.

Ìbá ṣì sàn bó bá jẹ́ pé owó ilé nìkan ló ń ná. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ òṣómàáló ni mo fẹ́. Ìyàwó pásítọ̀ wa wá kí wa, ó rí kọ́bọ́ọ̀dù ẹlẹ́yin pẹ́pẹ́yẹ, ó kígbe, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé àlòkù wá sí ọ̀nà àbáwọlé wa bí ẹni gbé ọmọ wá fún ìsàmì. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo bá ẹni tó ń tà á ná ọjà lé lórí títí ó fi gbé e fún mi lówó pọ́ọ́kú, Ìyá Ìbejì kùn ún, ó bó o, ó tà á ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó fi lára èrè náà ra kóòtù òtútù fún mi. Kóòtù tó dára ni. Ó ṣòro láti wọ kóòtù ẹni kí ènìyàn sì máa pè é ní ọ̀bàyéjẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbìyànjú.

Ohun kan ló kù tí kò tíì fọwọ́ kàn, tábìlì ìrókò mi. Ìrókò ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbí fi ṣe tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì láyé àtijọ́, torí ó le, ó sì ń fara da omi. Nígbà tí wọ́n ń tú àwọn yàrá wọ̀nyẹn ká, wọ́n ń ta pákó wọn. Tèmi ní ihò tí ẹnu gáàsì ti jáde, wọ́n ti fi igi dí i. Ọmọ kan ti fi kọ́ńpáàsì gbẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí igun rẹ̀, ó fi ọkàn yí i ká, ó fi ọfà gún ọkàn náà. Bí o bá na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, ó ti di òkúta. Gbígbó tí ènìyàn ń fi sáńpépà wá kiri nìyẹn, ó wà lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sì rán ìyàwó mi létí pé ìrókò kì í ṣe igi tí à ń ṣe àfojúdi sí, pé àwọn bàbá wa ní Olúwéré ń gbé inú rẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ gé e pàápàá máa ń kọ́kọ́ ṣètùtù. Ó ní kí ni wọ́n fi ń ṣètùtù náà. Kí n tó ronú, mo ti ní ẹfun wà lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ tábìlì ló ń wò. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ojú rẹ̀, pé ẹsẹ̀ nìkan ni, kó lè bá àga mu. Mo mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ nìkan ni ti kọ́bọ́ọ̀dù Sapele náà jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti wo ọjọ́. Sátidé tó ń bọ̀, ó máa lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti aago mẹ́wàá dé aago méjì. Mo ti rí ẹnì kan ní Thamesmead tó ní gáréèjì, ó gbẹ, ó ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wà. Tábìlì náà wúwo, ó gba ọkùnrin mẹ́rin, mo sì ti rí mẹ́ta. Ẹnì kẹrin ni mò ń wá. Kó lágbára ní ẹ̀yìn, kó mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́, kí ìyàwó rẹ̀ má sì sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa.